Ààwẹ̀ Ọjọ́ Méje Tí Ìjàpá Gbà Nínú Àká

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n, mo ti gbọ́ yín. Àlọ́ mi gbéra wììrì, kò bà sóko, kò bà sódò. Orí Yánníbo ló bà lé, Yánníbo aya Ìjàpá. Ẹ sún mọ́ra. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó sórí àga náà, ẹ má rò pé ọmọdé nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko ní ìjọ kan. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ilé ìjọ náà, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi bò ó. Lékèélékèé ni àlùfáà wọn, nítorí aṣọ funfun rẹ̀ kì í rí ẹrẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í sì í le. Lẹ́yìn ilé ìjọ ni àká wà. Nígbà ìkórè, kálukú á gbé nínú ohun tí Ọlọ́run fún un wá síbẹ̀: iṣu, àgbàdo, ẹ̀wà, èlùbọ́. Wọn kì í fọwọ́ kàn án lásán. Ọjọ́ tí ìyàn bá mú, ibẹ̀ ni opó ti í jẹ, ibẹ̀ ni ọmọ òrukàn ti í jẹ, ibẹ̀ ni aláìsàn ti í jẹ.

Ẹfọ̀n ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àká. Nígbà tó yá, Ẹfọ̀n darúgbó, ó kú. Wọ́n sin ín tán, Àlùfáà Lékèélékèé pe ìjọ jọ.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará, n kò wá alágbára. N kò sì wá ọlọ́rọ̀. Ẹni tó bá ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Ọlọ́run ni a ó fi kọ́kọ́rọ́ yìí lé lọ́wọ́. Ẹ máa lọ sílé yín. N ó máa wò yín títí oṣù tuntun yóò fi lé."

Ìjàpá gbọ́. Ó mi orí. Ó tún mi orí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìró omi ló jí Yánníbo. Ó jáde síta, ó rí ọkọ rẹ̀ tó ń ti odò bọ̀, ìkòkò omi lórí. Yánníbo dúró bí igi. Ìjàpá ni o! Ìjàpá tí kì í gbé ife tó fi mumi kúrò nílẹ̀!

"Baálé mi, ṣé ara yín le?"

"Ara mi le. Ọlọ́run ló bá mi sọ̀rọ̀."

Ó gbé omi, ó mú ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn, ó gba ilé ìjọ lọ. Ó ró aṣọ ìdọ̀họ mọ́ra, ó da eérú sórí. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ti fẹ́ wọlé, yóò di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, yóò wẹ̀ ẹ́. Ó wẹ ti Àgbò, ó wẹ ti Ewúrẹ́, ó wẹ ti Ehoro àti ọmọ Ehoro. Wọ́n kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Alàgbà." Ó lu àyà gbì.

"Ẹ má pè mí ní alàgbà! Erùpẹ̀ ni mí. Erùpẹ̀ gan-an sàn jù mí lọ."

Ẹnu ya gbogbo ìlú. Lọ́jọ́ kan Ọ̀kùn wá, Ọ̀kùn ẹlẹ́sẹ̀ rẹpẹtẹ. Ìjàpá wo ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn láti orí dé ìdí, ó gbé itọ́ mì. Ṣùgbọ́n Àlùfáà ń wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí oòrùn yọ títí oòrùn fi dé àtàrí, ẹsẹ̀ Ọ̀kùn ló ń wẹ̀.

Yánníbo dúró lẹ́yìn igi, ó ń sunkún ayọ̀. Ọdún mélòó ló ti ń gbàdúrà fún ọkùnrin yìí? Ó sáré lọ sílé, ó se ọbẹ̀ tó gbámúṣé, ó ń retí rẹ̀.

Ìjàpá dé. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ju aṣọ ìdọ̀họ sí kọ̀rọ̀, ó jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Yánníbo! Omi!"

Yánníbo gbé omi tútù wá nínú igbá.

"Ta ló ní òùngbẹ ń gbẹ òun? Omi ẹsẹ̀! Oríṣiríṣi ẹsẹ̀ ẹlẹ́gbin ni mo ti fọwọ́ kàn láti àárọ̀. Kúnlẹ̀. Fọ ọwọ́ mi, fọ ẹsẹ̀ mi. Àárín ìka náà, má fò ó."

"Baálé mi, ẹ̀yin kọ́ lẹ ní erùpẹ̀ sàn jù yín lọ?"

Ìjàpá wò ó bí ẹni ń wo òmùgọ̀. Ó ní, "Ṣé ẹnì kan ń wò wá nínú ilé yìí ni?"

Háà! Kí ni Yánníbo yóò ṣe? Ó kúnlẹ̀, ó wẹ ẹsẹ̀ náà. Ibi tó ti ń wẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń gbàdúrà lórí àga. Ó ní, "Ọlọ́run, wo ilẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó ń rìn lórí ilẹ̀, ṣé o rí ẹni tó rẹlẹ̀ tó mi? Bóo bá rí i, fi hàn mí." Igbá omi dà mọ́ Yánníbo lọ́wọ́. Ìjàpá bú u.

Nígbà tí oṣù lé, wọ́n fa kọ́kọ́rọ́ lé Ìjàpá lọ́wọ́. Ó yí gbiri mọ́lẹ̀, ó ní òun ò gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀ ọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà á. Lẹ́yìn pátápátá ni Yánníbo jókòó, òun àti Ẹtù. Opó ni Ẹtù, ìyá Àṣàbí. Àárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó jí, òun ló ń gbá ilé ìjọ, ọ̀pọ̀ ẹranko ò tilẹ̀ mọ ẹni tó ń gbá a. Ẹtù dì mọ́ Yánníbo.

"O ṣoríire o. Ọkọ rẹ ti di ẹni Ọlọ́run."

Yánníbo tẹjú mọ́lẹ̀. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ló bà á, ojú ló tì í. Ká má sì purọ́, ẹ̀yin ará ilé mi, ó dùn mọ́ ọn díẹ̀ pé wọn yóò máa pe òun ní ìyàwó alàgbà.

Òjò kọ̀. Àgbàdo gbẹ lórí ìdúró. Odò gbẹ, ó di ọ̀nà tí à ń rìn. Iṣu ta, kò tóbi ju àtàńpàkò lọ. Ìyàn dé! Àwọn opó gbé agbọ̀n, wọ́n tò sẹ́nu àká. Ìjàpá dúró níwájú ilẹ̀kùn, eérú lórí, ojú nílẹ̀.

"Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ ṣí i, ẹ̀rí ọkàn mi ò gbà fún mi. Ṣé inú àká ló yẹ ká kọ́kọ́ sá lọ ni, àbí ọ̀dọ̀ Ẹni tó ni òjò? Ẹ jẹ́ ká gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Ẹ jẹ́ ká rẹ ara wa sílẹ̀. Èmi ẹlẹ́ṣẹ̀, n ó ti ara mi mọ́ inú àká yìí, n ó máa bẹ̀bẹ̀ nítorí yín. Kí ẹnikẹ́ni má ṣílẹ̀kùn o, kí àdúrà má baà já."

Omi lé ròrò sójú Àlùfáà Lékèélékèé. Ó ní, "Irú ìgbàgbọ́ wo rèé!" Àwọn opó gbé agbọ̀n wọn padà ní òfìfo.

Ọmọ mi, kí lo ní? O ní kí ni Ìjàpá ń ṣe nínú àká? Ìwọ náà mọ̀ ọ́n.

Ihò kan wà lẹ́yìn àká, Ìjàpá ló gbẹ́ ẹ. Láti inú ihò yẹn ló ti ń ti iṣu jáde sí Yánníbo. Yánníbo á gbé e lọ sílé, á sè é, á fi epo sí i, á bò ó mọ́lẹ̀, á gbé e padà wá tòun ti èèpo rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí èèpo nílé. Ìjàpá ti kọ́ ọ lóhun tí yóò sọ. "Bí wọ́n bá rí èéfín, omi ìwẹ̀ lò ń sè. Bí wọ́n bá rí igbá, omi ìbọ́jú mi ni." Ó ní bó bá fi sọ ohunkóhun, òun yóò lé e jáde, kò sì ní ríbi sùn nínú ìyàn.

Yánníbo búra pé òun ò ní jẹ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní kò jẹ. Lọ́jọ́ kejì, ó tọ́ ọ wò, bóyá iyọ̀ dá. Lọ́jọ́ kẹta, ó jẹ.

Àwọn ará ìlú á kọjá lẹ́bàá àká, wọ́n á gbọ́ ohùn. "Hììììn! Háààà! Olúwa mi o!" Àjẹyó ló ń mú un ké bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ṣí fìlà. Wọ́n á ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń jìjàkadì nítorí wa."

Ó di ọjọ́ karùn-ún. Yánníbo ń ti ẹ̀yìn àká bọ̀, ó bá Ẹtù nínú ọgbà ilé ìjọ. Ẹtù ṣì ń gbálẹ̀. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó di ògiri mú. Ó tún gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó tún di ògiri mú.

"Ìyá Àṣàbí, ẹ jókòó ná. Ọmọ ńkọ́?"

"Kò sọ̀rọ̀ láti àná. Mo fi omi kàn án lẹ́nu, kò gbé e mì." Ẹtù rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣùgbọ́n ó ku ọjọ́ méjì péré. Ọkọ rẹ ní ká dúró. Ọkọ rẹ ò lè purọ́ fún wa."

Epo ṣì wà ní ètè Yánníbo. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún kíá. Ó yípadà, ó sáré padà sí ihò náà.

"Baálé mi! Baálé mi! Ọmọ Ẹtù ń kú lọ. Ẹ ti iṣu kan sí mi, ẹyọ kan péré, kí n sáré sè é fún un."

Ìjàpá ń jẹ àsáró lọ́wọ́. Ó gbé e mì kó tó dáhùn.

"Kí wọ́n wá bi ọ́ léèrè ibi tóo ti rí iṣu?"

"Ọmọ náà yóò kú!"

"Bó bá kú," Ìjàpá ní, "èmi ni n ó ṣáájú gbogbo wọn sunkún. N ó yíra nínú erùpẹ̀. N ó fa aṣọ ya. Wọn ò ní gbàgbé ẹkún náà láéláé. Fi iyọ̀ sí i lọ́la. Èyí tẹ́."

Ẹ̀yin ènìyàn mi! Yánníbo ti gbé pẹ̀lú rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ó mọ̀ ọ́n ní olójúkòkòrò, ó mọ̀ ọ́n ní òpùrọ́. Kò mọ̀ ọ́n báyìí rí. Òtútù mú un nínú oòrùn ọ̀sán. Ó dúró síbẹ̀, ó ń gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń lá igbá.

Ó lọ sílé. Iṣu méjì ló kù lábẹ́ ibùsùn, tí Ìjàpá ti kà sílẹ̀ fún oúnjẹ tirẹ̀ lọ́la. Ó kó wọn jáde. Ó mú aṣọ láti fi bò wọ́n. Ó tún wo aṣọ náà. Ó fi í sílẹ̀. Ó gbé iṣu méjèèjì lé orí ní gbangba, ó gba àárín ìlú. Ilé Ẹtù wà ní ìkángun kejì. Orin ló fi ń ti ara rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ máa gbè é: kínrínjìngín.

Ọkọ mi wọ àká lọ gbàdúrà,
Kínrínjìngín.
Ó ní kí n má wí o, kí n má fọ̀,
Kínrínjìngín.
Ọmọ Ẹtù ń lọ, kò dáhùn mọ́,
Kínrínjìngín.
Iṣu rèé o, iṣu rèé lórí mi,
Kínrínjìngín.
Ẹni tí yóò bú mi, kó bú mi,
Kínrínjìngín.
Ẹ̀bi mi ni mo rù, mo rù ú dé o,
Kínrínjìngín.

Ọ̀bọ ló kọ́kọ́ rí i láti orí igi. Ó figbe ta. "Ẹ jáde! Ẹ jáde o! Ìyàwó alàgbà ń ru iṣu nínú ààwẹ̀!"

Wọ́n jáde. Ojú tí ebi ti jẹ wọnú, ojú náà là kedere. Ewúrẹ́ tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ehoro bu iyanrìn, ó dà á lù ú.

"Aláìnítìjú! Ọkọ rẹ ń kú lọ nítorí wa, ìwọ ń jẹun!"

Yánníbo kò dúró. Ó ní, "Òótọ́ ni. Mo jẹ. Láti ọjọ́ kẹta ni mo ti ń jẹ."

Kò wí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wọ ilé Ẹtù, ó dáná. Ìbínú ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí bi í léèrè ibi tí iṣu ti wá.

Àánú Ìjàpá wá ṣe gbogbo wọn. Wọ́n ní, "Ọkùnrin mímọ́ yìí! Obìnrin yìí ti dójú tì í. Ẹ jẹ́ ká lọ tù ú nínú." Àgbò ní, "Ó ti wẹ ẹsẹ̀ wa. Lónìí, ẹ jẹ́ ká lọ wẹ ẹsẹ̀ tirẹ̀." Àlùfáà Lékèélékèé fúnra rẹ̀ gbé abọ́ omi. Gbogbo ìlú tẹ̀ lé e. Wọ́n kan ilẹ̀kùn àká.

"Alàgbà, àwa ni o. A wá wẹ ẹsẹ̀ yín."

Ìjàpá lọgun láti inú àká. "Rárá o! Ẹ má wọlé! N kò yẹ!"

"Ẹ gbọ́ ìrẹ̀lẹ̀!" ni wọ́n ń wí. Ewúrẹ́ bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí i fún wa."

"Mo ní n kò yẹ! Ẹ padà! Mo wà níwájú ìtẹ́!"

"Ẹni tó bá ń sọ pé òun ò yẹ, òun ló yẹ," ni Àgbò wí. Ó fà sẹ́yìn, ó fi ìwo kan ilẹ̀kùn. Gbàà! Ilẹ̀kùn ṣí.

Wọ́n yọjú wọlé.

Àká tó kún dé òrùlé nígbà ìkórè, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò yìí. Èèpo iṣu ga dé orúnkún. Láàárín èèpo náà, Ìjàpá dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ mẹ́rin lókè, epo kùn ún dé ọrùn, ẹyọ iṣu kan sì há a lẹ́nu. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Àlùfáà Lékèélékèé, ó fọ́. Kò sẹ́ni tó wò ó. 

Ìjàpá tu iṣu dànù. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, mo ń tọ́ ọ wò fún yín ni, bóyá ó ti bàjẹ́."

Àgbò mí fìn-ìn. Ó sọ ìwo sílẹ̀, ó fẹ́ fọ́ ọ túútúú. Ibẹ̀ ni ohun tí wọn ò rí rí ti ṣẹlẹ̀. Àlùfáà Lékèélékèé kọjá sí àárín wọn, ó kúnlẹ̀ sínú èèpo iṣu pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀.

Ó ní, "Èmi ni mo yàn án. Ó dùn mọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ pé nínú ìjọ Lékèélékèé ni irú ẹni mímọ́ bẹ́ẹ̀ wà. Mo wo eérú tó wà lórí rẹ̀, n kò bi aya rẹ̀ léèrè bó ṣe rí nílé. Ọlọ́run, mo ti ṣẹ̀. Ẹ̀yin ará, mo ṣẹ̀ yín."

Àgbò wò ó. Òun náà rọra kúnlẹ̀. Ehoro tó da iyanrìn kúnlẹ̀. Ó kan Ìjàpá. Gbogbo wọn yí ojú sí i, wọ́n ń dúró. Wọ́n yí i padà kó lè dìde. Ó tẹ orúnkún, ikùn kọ̀ fún un. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó ré gbì, ó tún fẹ̀yìn lélẹ̀. Ìkúnlẹ̀ tó ti ń ṣe lójú gbogbo ìlú, ọjọ́ tí wọ́n dúró dè é pé kó kúnlẹ̀ gan-an, kò rí i ṣe. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Àlùfáà dé ilé Ẹtù, ó bá Yánníbo nílẹ̀, ọmọ lẹ́sẹ̀. Ó ti fi omi gbígbóná po iṣu, ó ń fi ìka kàn án lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Àṣàbí gbé e mì. Ó tún gbé e mì. Ó la ojú, ó ní, "Ìyá mi dà?" Ẹtù bú sẹ́kún.

Àlùfáà na kọ́kọ́rọ́ sí Yánníbo. "Gbà á. A ti ṣì ọ́ bú."

Yánníbo kò gbà á. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò ṣì mí bú. Mo mọ̀, mo dákẹ́. Mo jẹ níbẹ̀. Ìyá Àṣàbí di ògiri mú lójú mi, epo wà lẹ́nu mi. Ẹ má yìn mí, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run."

Ẹtù na ọwọ́, ó fà á mọ́ra. 

Wọn ò fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́ mọ́. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn àká kúrò. Wọ́n pín ìwọ̀nba ẹ̀wà tó kù nílẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́. Nígbà tí òjò dé, Ìgbín àgbà, aláìsàn kan tó ti ń retí oúnjẹ àká, kò sí níbẹ̀ mọ́ láti rí i. Ọjọ́ kẹrin ààwẹ̀ ló ti kú, ó sì kú tó ń súre fún Ìjàpá.

Wọn ò pa Ìjàpá. Oko ìjọ ni wọ́n ní kó máa ro títí àká yóò fi kún padà. Lọ́jọ́ kan Àlùfáà kọjá lọ́nà oko, ó bi í pé báwo ni ọkàn rẹ̀ ṣe rí. Ìjàpá ní, "Bàbá, mo ti yípadà pátápátá." Ó wá yọ ọrùn jáde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹlòmíràn gbọ́. Ẹ lọ wò ó lónìí, ó ṣì ń wò.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ìwọ ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ fún àlejò, tó ń fún ìyá rẹ lésì ní kọ̀rọ̀, ìwọ ni mo pa á fún. Bàbá tó ń ké "ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí" lójú ìjọ, tí ara ilé rẹ̀ ń gbọ̀n bó bá wọlé, ẹ̀yin náà ni. Ibi tí ojú kankan ò sí ni Ọlọ́run ti ń mọ ẹni tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti jẹ níbẹ̀, ẹ sọ pé ẹ jẹ níbẹ̀. Àánú wà fún ẹni tó bá wí i.

Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ èrìgì. Ẹ dìde. Ẹ kí ara yín kẹ́ ẹ tó wọlé.